Ìwé méjì, nọ́ńbà kìíní méjì: ṣé dandan ni ká ka síríìsì fántásì ní títò-títò?

MàmáÌbejì_Lágeèrè:
Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti di ariwo nínú ilé mi látọjọ́ Sátidé. Mo ní ìbejì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwọn méjèèjì nífẹ̀ẹ́ ìwé kíkà débi pé tíná bá lọ wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, wọ́n á máa kà á títí bátìrì á fi kú, mi ò sì bínú sí i. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn mo ra ìwé kan lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń pàtẹ ìwé tọ́kúnbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Lágeèrè níbí, The Lion, the Witch and the Wardrobe, C. S. Lewis ló kọ ọ́, ìwé àtijọ́ ni, ojú ewé ẹ̀ ti pọ́n, wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sára ẹ̀ gàdàgbà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di họlidé. Àfi bí àbúrò mi tó wà l'Amẹ́ríkà ṣe fi ẹrù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá fi The Magician's Nephew sí i fún àwọn ọmọ, òǹkọ̀wé kan náà, ilẹ̀ àròsọ kan náà tí wọ́n ń pè ní Narnia, ìwé tuntun nini, nọ́ńbà 1 ló wà lára tòun náà!

Táíwò di ti Lágeèrè mú, Kẹ́hìndé di t'Amẹ́ríkà mú, kálukú ní tòun ni ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ máa kà á sókè fún wọn lálẹ́ kí gbogbo wa lè jọ gbádùn ẹ̀, mi ò wá fẹ́ kó jẹ́ pé ibi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ba ìtàn jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà? Ẹ sì tún bá mi sọ ọ́ lápapọ̀, àwọn ìwé fántásì, ìyẹn ìtàn àròsọ onídán, tó tẹ̀lé ara wọn báyìí, ṣé dandan ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, àbí èyí tọ́wọ́ bá tẹ̀ ni kéèyàn máa kà?

Akàwé_OAU:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà. Kò sí èyí tó parọ́ nínú ìwé méjèèjì o, wọ́n yí nọ́ńbà padà ni. Ìwé méje ni gbogbo ẹ̀. Èyí tẹ́ẹ rà ní Lágeèrè yẹn ló kọ́kọ́ jáde, ní 1950. Prince Caspian tẹ̀lé e ní 1951, The Voyage of the Dawn Treader 1952, The Silver Chair 1953, The Horse and His Boy 1954, kó tó wá kan The Magician's Nephew tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ ní 1955, The Last Battle ló kẹ́yìn ní 1956. Bí wọ́n ṣe jáde yẹn ni wọ́n ṣe fún wọn ní nọ́ńbà nínú ìwé Amẹ́ríkà àtijọ́, irú ẹ̀ ló bọ́ sí yín lọ́wọ́ ní Lágeèrè. Nígbà tó wá di 1994, HarperCollins tó ń tẹ ìwé náà tún wọn tò, wọ́n ní bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ nínú ayé Narnia làwọn fẹ́ tẹ̀lé, torí ìgbà tí wọ́n dá Narnia gan-an ni The Magician's Nephew ń sọ, ni wọ́n bá gbé e láti ìkẹfà wá sí ìkíní, The Lion wá di ìkejì.

Tẹ́ẹ bá bi mí, ti Lágeèrè ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ kà. Nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ kìnnìún tó ń jẹ́ Aslan, òǹkọ̀wé fẹnu ara ẹ̀ sọ fún òǹkàwé pé àwọn ọmọ inú ìtàn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ìwọ tó ń kàwé náà ò ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti ka ti 1955 ti mọ̀ ọ́n, gbólóhùn yẹn ò wá bá a mu mọ́. Òpó iná kan sì tún wà láàárín igbó, nínú yìnyín, ọmọbìnrin kékeré tó kọ́kọ́ wọ Narnia bá a tó ń tàn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa ń gba ọkàn ọmọdé. Ìwé ti 1955 ló ṣàlàyé ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè, kí ni wọ́n á máa rò lórí bẹ́ẹ̀dì?

Káyọ̀_Mọ̀rẹ̀:
Akàwé mo gbọ́ o, àmọ́ mi ò gbà. Ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Táa bá fẹ́ pìtàn Ifẹ̀ fún ọmọ, orí Odùduwà la ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ látorí Mọ́remí ká tó máa padà sẹ́yìn. Ẹni tó kọ ìwé yẹn gan-an gbè sẹ́yìn èmi. Ọmọkùnrin kan l'Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí i, òun àti ìyá ẹ̀ ń fa ohun tí MàmáÌbejì ń bá àwọn ọmọ ẹ̀ fà yìí gẹ́lẹ́, ìyá ní bí ìwé ṣe jáde ni, ọmọ ní bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Lewis dá a lóhùn ní 1957 pé èrò ọmọ yẹn lòun fara mọ́ jù. Kí la tún ń wá?

Akàwé_OAU:
Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀, ẹ parí lẹ́tà yẹn. Ó ní nígbà tóun kọ ìkíní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun máa kọ òmíràn rárá, òun ò pète ẹ̀ ní síríìsì, bóyá kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì èyí tí èèyàn bá kọ́kọ́ kà. Ó ń ṣe sùúrù fún ọmọdé tó kọ̀wé sí i ni, kì í ṣe òfin ló fi lélẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Mọ́remí tẹ́ẹ mú wá yẹn, èmi gan-an ti mọ Mọ́remí kí n tó mọ nǹkan gidi kan nípa Odùduwà. Wọ́n kọrin ẹ̀ fún wa ní nọ́sìrì, mo rí ère ẹ̀ ràgàjì tí Ọọ̀ni gbé kalẹ̀ ní 2016, mo wá ń bi ìyá mi pé ta ni, kí ló ṣe, ta ni ọkọ ẹ̀, ta ló bí ọkọ ẹ̀, ibẹ̀ la ti ń bá a lọ sẹ́yìn títí a fi dé ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ìbéèrè ló mú mi débẹ̀ o, kò sẹ́ni tó jókòó tò ó fún mi.

Òṣómàáló_Àgbà:
Ẹ kú àríyànjiyàn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Ìléṣà níbí ni mo ti fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́. Mi ò ka Narnia rí, àmọ́ ohun tẹ́ẹ ń wá kiri yìí, inú ilé MàmáÌbejì ló wà. Nínú Táíwò àti Kẹ́hìndé, ta ló kọ́kọ́ jáde? Táíwò. Ta lẹ̀gbọ́n? Kẹ́hìndé. Láti kékeré yín lẹ ti ń gbọ́ ọ, kò sì takora létí yín lọ́jọ́ kan. Kẹ́hìndé ló rán Táíwò níṣẹ́ pé lọ tọ́ ayé wò fún mi. Ìwé tó jáde ní 1950 yẹn, Táíwò ni. Èyí tó dé ní 1955, tó jẹ́ pé ìtàn tiẹ̀ ló dàgbà jù, Kẹ́hìndé ni. Kò sẹ́ni tó ní kí Kẹ́hìndé má jẹ́ ẹ̀gbọ́n, Táíwò ló kàn ń ṣílẹ̀kùn. Ìwé nọ́ńbà kìíní méjì tó wọlé yín yẹn, àwọn méjèèjì ni nọ́ńbà kìíní.

Fágúnwà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa kí Narnia tó jáde rárá, ọmọ Òkè-Igbó nítòsí Ifẹ̀ ibí yìí. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn ló ń sọ ìrìn àjò ara ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá kọjá, Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, ìtàn ta ni? Ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn. Ìwé kejì padà sẹ́yìn lọ bí bàbá ẹni tó wà nínú ìkíní. Ẹ wá wò ó báyìí: ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-Ògùn ò fi bò rárá, ó ní àjẹ́ paraku ni ìyá òun, ọwọ́ bàbá òun ló sì kú sí. Ẹni tó bá ti ka ìyẹn, tó wá ṣí Igbó Olódùmarè, tó rí Olówó-Ayé lọ́dọ̀ọ́, tó pàdé ọmọbìnrin lọ́nà tó sì fi í ṣaya, kò lè kà á bí ẹni tó ń ka ìtàn ìfẹ́. Àyà ẹ̀ á máa já. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì máa já sí, àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Mo máa ń kà á sókè ní kíláàsì, tí mo bá débẹ̀, gbogbo yàrá á dákẹ́ lọ bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Kíláàsì tó bá jẹ́ pé Igbó Olódùmarè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó tuntun. Ìyàtọ̀ tí títò ń mú wá nìyẹn, mo fojú ara mi rí i lọ́dọọdún.

Àdùkẹ́_Òkèsà:
Ẹ káalẹ́ bàbá. Ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ tèmi, torí ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé.

Bàbá mi ní ìwé Fágúnwà kan ṣoṣo nínú àpótí, Igbó Olódùmarè ni. Kò sí òmíràn nílé, kò sí láíbìrì nílé-ìwé wa, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní ìwé kan tó ṣáájú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo nífẹ̀ẹ́ Olówó-Ayé bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ìjà òun àti Èṣù-Kékeré-Òde yẹn, mo máa ń fi igi ìgbálẹ̀ ṣe é fún àwọn àbúrò mi lẹ́yìnkùlé, mo ti há gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà sórí. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó rí Ògbójú Ọdẹ yá. Mo ń sáré kà á, mo fẹ́ rí ọmọ Olówó-Ayé, inú mi ń dùn. Ojú ìwé mélòó kan péré, ọkùnrin tí mo fẹ́ràn yẹn pa ìyàwó ẹ̀, ìyàwó tí mo bá a yọ̀ nígbà tó fẹ́ ẹ. Mo pa ìwé yẹn dé. Mi ò ṣí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, màmá mi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Bàbá, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ ṣe ní ká kà á yẹn ni mo ṣe kà á, ẹni tí mi ò mọ̀ ló máa pa ẹni tí mi ò mọ̀. Màá kàn ṣí i kọjá ni. Nǹkan tí ìwé yẹn ṣe fún mi, tí mo fi di ẹni tó ń kàwé títí dòní, ẹ̀yìn tí mo gbà wọlé yẹn ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún ọmọ kankan pé kó má ka ìwé tó wà níwájú ẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà kìíní ò sí nílé. N'Íléṣà tí mo dàgbà sí, èyí tọ́wọ́ bá tẹ̀ là ń kà, àwa náà ò sì kú.

Òṣómàáló_Àgbà:
Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọ ní kíláàsì, mi ò rò ó láti ẹ̀gbẹ́ yẹn rí, torí èmi fúnra mi Ògbójú Ọdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ọ̀nà tèmi, ẹ̀rù ló ń dá sílẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Tìrẹ, ìbànújẹ́ ni lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ tán. Mi ò ní sọ pé tìrẹ kéré. Síbẹ̀ tí mo bá ní ìwé méjèèjì lọ́wọ́ tí ọmọ jókòó síwájú mi, ti 1938 ni màá kọ́kọ́ gbé fún un, torí bí Fágúnwà ṣe fún àwọn èèyàn ẹ̀ nìyẹn, ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi mọ Àkàrà-Ògùn kí wọ́n tó mọ bàbá ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé kan péré ló wà nílé, ìyẹn ni ká kà, ibẹ̀ yẹn mo gbà fún ọ pátápátá.

Kẹ́ẹ má ṣe rò pé gbogbo Fágúnwà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ti 1954, Àdììtú Olódùmarè ti 1961, kálukú ló ní akọni tiẹ̀, ẹ lè mú èyíkéyìí. Bàbá àti ọmọ yìí nìkan ni wọ́n so pọ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Èmi ò mọ̀ bóyá fántásì àwọn òyìnbó tó nípọn yẹn ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹnì kan gbàgbé ìwé kan sí yàrá táa ti ń sinmi, kò padà wá gbà á, Wheel of Time ìkarùn-ún ni, ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Mo ní kí n gbìyànjú. Lójú ewé àádọ́ta àkọ́kọ́ mo ti pàdé èèyàn tó tó ogún, gbogbo wọn mọ ara wọn, wọ́n ti bá ara wọn jà, wọ́n ti fẹ́ ara wọn sọ́nà, èmi nìkan ni mo jókòó bí àlejò níbi ìpàdé ẹbí. Mo kà á tán nítorí ìwà agídí mi àti nítorí pé ìjà inú ẹ̀ dùn, àmọ́ nígbà tẹ́nì kan kú tí gbogbo wọn ń sunkún, èmi ń wò wọ́n ni. Mi ò mọ òkú.

Káyọ̀_Mọ̀rẹ̀:
Ẹ ṣé nọ́ọ̀sì, ẹ ti bá mi sọ ọ́! Èmi ti ka síríìsì yẹn tán, ìwé mẹ́rìnlá, láti 1990 dé 2013, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n gé sí mẹ́rìnlá, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún dà bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ní Ìkirè tó wá ń béèrè pé báwo ni Ifẹ̀ ṣe rí. Robert Jordan tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kú ní 2007 kó tó parí, Brandon Sanderson ló wá fi ohun tó kọ sílẹ̀ parí ìwé mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ọkùnrin ń ṣàìsàn, ó ń kọ bí ìtàn ṣe máa parí sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i tẹ̀lé, torí àwọn tó ti ń bá a bọ̀ látìgbà ìkíní. Mi ò lè gbà kí wọ́n ka irú iṣẹ́ yẹn ní ìdàkudà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ìwé kan wà tí wọ́n kọ lẹ́yìn tó jẹ́ pé ìtàn ìṣáájú ni, New Spring, 2004. Èmi tí mò ń jà fún bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀ látàárọ̀, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ìyẹn kọ́kọ́ kà. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró, ó kéré tán kí wọ́n ka bíi márùn-ún ná, kí wọ́n mọ obìnrin tó wà nínú ẹ̀ lágbà kí wọ́n tó rí i lọ́dọ̀ọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń rí i pé ohun tí bàbá wa sọ nípa Olówó-Ayé náà ni. Ó dáa, lórí Narnia mo fà sẹ́yìn. Ẹ ka ti Lágeèrè ṣáájú, MàmáÌbejì.

Akàwé_OAU:
Inú mi dùn ẹ̀gbọ́n. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ló yẹ ká máa bi ìwé kó tó di pé à ń bi nọ́ńbà: ṣé ìtàn kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ ni, àbí ìlú kan tí ìtàn pọ̀ nínú ẹ̀? Discworld ti Terry Pratchett, ìwé mọ́kànlélógójì ni, 1983 sí 2015, ìlú tí ìtàn pọ̀ nínú ẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́pàá òru ní tiwọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Guards! Guards! ti 1989. Àwọn àjẹ́ ní tiwọn. Ikú fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀, Mort ti 1987, ibẹ̀ lèmi gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ jù ló máa sọ fún yín pé kẹ́ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ti 1983 yẹn, torí òǹkọ̀wé ò tíì mọ ọwọ́ ara ẹ̀ dáadáa nígbà yẹn.

Marlon James, ọmọ Jàmáíkà, tún ṣe é lọ́nà tó wù mí gan-an. Black Leopard, Red Wolf jáde ní 2019, Moon Witch, Spider King ní 2022, ìkẹta ò tíì dé. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, ẹlẹ́rìí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń sọ ọ́, ọkùnrin nínú ti 2019, obìnrin nínú ti 2022, òun fúnra ẹ̀ ní èyí tó bá wu èèyàn ló lè kọ́kọ́ kà. Mo ka ti obìnrin yẹn ṣáájú. Nígbà tí mo wá ka ti ọkùnrin, mi ò gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ka ti ọkùnrin ṣáájú, obìnrin yẹn ló ń pè ní òpùrọ́. A ò tíì parí ìjà náà.

ỌmọAwo_ÒkèÌtasẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ló wà, ọmọ odù tó tẹ̀lé wọn jẹ́ òjìlérúgba, gbogbo ẹ̀ 256. Wọ́n ní ipò, Èjì Ogbè ló ṣáájú, Ọ̀yẹ̀kú tẹ̀lé e, Ìwòrì, Òdí, a sì mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ nínú wọn. Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ mi, orí Èjì Ogbè la ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fò. Àmọ́ tí babaláwo bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó wá dífá, odù tó bá yọ là ń kì. Tó bá ṣe Ọ̀sá ló yọ, a ò ní ní kí oníbèéèrè jókòó di ìgbà táa bá kì láti Ogbè dé ibẹ̀.

Ìlànà kan náà ni, iṣẹ́ méjì. Ẹni tó ń kọ́ ọ ń tò ó, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ń ṣí i níbi tọ́rọ̀ bá wà. Èmi máa ń ka ìwé tí mo ti kà tẹ́lẹ̀ láti àárín, láti ẹ̀yìn, bó bá ṣe wù mí. Ti àkọ́kọ́ ni mi ò jẹ́ fò.

Sìsí_Pàrákìn:
Kò sẹ́ni tó ti sọ ti orúkọ ìwé o, ó sì yẹ kí MàmáÌbejì mọ̀ ọ́n torí ó ń bọ̀ wá rà á fún àwọn ọmọ yẹn dandan. Nnedi Okorafor kọ síríìsì kan nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sunny, Nàìjíríà níbí ni ìtàn ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni Sunny nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ àwọn ìbejì yín. Ìkíní jáde l'Amẹ́ríkà ní 2011, Akata Witch ni wọ́n pè é. Nígbà tí Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ fún wa níbí, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí What Sunny Saw in the Flames. Ìwé kan náà ni! Ìkejì, Akata Warrior ti 2017, òun náà ni Sunny and the Mysteries of Osisi. Èmi ò mọ̀, mo ka What Sunny Saw tán, mo wá rí Akata Witch lọ́wọ́ ẹni tó ń tàwé, mo rò pé ìkejì ni, mo fún un lówó, mo gbé e délé, mo ṣí i. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo fẹ́ẹ̀ sunkún, torí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi rà á. Ìkẹta ni Akata Woman, 2022. Síríìsì yẹn ẹ kà á ní títò o, ọmọ yẹn ń dàgbà láti ìwé kan sí èkejì, agbára ẹ̀ náà ń dàgbà. Kẹ́ẹ sì máa ka ẹ̀yìn ìwé dáadáa kẹ́ẹ tó sanwó.

Àdùkẹ́_Òkèsà:
Sìsí pẹ̀lẹ́, ó dùn mí fún ọ. Tó o bá ṣì ní ẹ̀dà kejì yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá a, màá san ohun tó o rà á.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ ọ́n, síríìsì A Song of Ice and Fire ti George R. R. Martin ńkọ́? Wọ́n ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún jọ ń ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, ṣé mo lè kà wọ́n pọ̀?

Káyọ̀_Mọ̀rẹ̀:
Ẹ lè ṣe é, àwọn kan máa ń ka orí kan níhìn-ín orí kan lọ́hùn-ún, torí ó pín àwọn èèyàn inú ìtàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn kan wà nínú ti 2005, àwọn yòókù wà nínú ti 2011. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹ ka ìkẹrin tán ná. Kẹ́ẹ sì mọ̀ pé ìkẹfà ò tíì jáde láti 2011 o, ẹ má sáré.

MàmáÌbejì_Lágeèrè:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa jinlẹ̀ tó báyìí. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá Ìléṣà sókè fún àwọn ọmọ lálẹ́ àná, apá ibi tí Táíwò ti ń ṣílẹ̀kùn yẹn. Táíwò fò sókè. Kẹ́hìndé dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé èmi náà ni nọ́ńbà kìíní, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dáa, kí Táíwò máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. A bá bẹ̀rẹ̀ ti Lágeèrè. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn já sínú igbó tó rí òpó iná, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ béèrè pé ta ló rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀, mo ní mi ò mọ̀, mi ò sì mọ̀ lóòótọ́. Ó wo ìwé tiẹ̀ lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Títí tí mo fi paná ni wọ́n ń rò ó láàárín ara wọn, ọ̀kan ní ẹnì kan gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, èkejì ní ó hù níbẹ̀ bí igi.

Nǹkan kan ló kù. Ìwé márùn-ún tó kù yẹn ò sí lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ sì wà lọ́kàn mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n dúró jù. Ẹni tó bá ní Prince Caspian tó lè yá wa, mo máa tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Bàbá, mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ Àkàrà-Ògùn, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé Narnia nìkan ni wọ́n mọ̀.

Akàwé_OAU:
Mo ní Prince Caspian mà, ewé kan ti já lára ẹ̀ àmọ́ ó pé. Mo lè gbé e wá bá yín ní Lágeèrè lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀.

Ohun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí báyìí: 22 November 1963 ni Lewis kú, 7 December 1963 ni Fágúnwà kú. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín wọn.

Òṣómàáló_Àgbà:
Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kéde ikú Fágúnwà lórí rédíò, ọmọdé ni mí, bàbá mi pa rédíò náà, ó sì jókòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá ìbejì, ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, Igbó Olódùmarè kan. Mò ń bọ̀ n'Ífẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, màá kó ọ̀kan nínú Ògbójú Ọdẹ àti Igbó Olódùmarè yẹn wá, mo ti dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù torí òjò. Níbo ni kí n ti rí ọ?

MàmáÌbejì_Lágeèrè:
Ẹ ṣeun bàbá, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti sọ̀ ní Mayfair, ẹ fóònù mi, màá rán àwọn méjèèjì wá pàdé yín kí wọ́n lè kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín. Àdùkẹ́, mi ò ní sọ fún wọn èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ kà nínú méjèèjì. Màá kó wọn sórí tábìlì, màá wo ohun tí wọ́n máa ṣe.